Ẹjọ́ tí Flavian kò fẹ́ dá

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 448, àwọn bíṣọ́ọ̀bù kan jókòó pẹ̀lú Flavian, bíṣọ́ọ̀bù Constantinople, olú ìlú ilẹ̀ ọba Róòmù ti ìlà-oòrùn, láti parí aáwọ̀ tó wà láàárín bíṣọ́ọ̀bù Sádísì àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù kan tó wà lábẹ́ rẹ̀. Aáwọ̀ náà kò le, wọ́n yanjú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ túká ni Eusebius, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Dorylaeum, ti dìde, ó fa ìwé yọ, ó ní òun ní ẹjọ́ láti pè. Eutyches, bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ mọ́ńkì, ló pè lẹ́jọ́. Ó ní ẹ̀kọ́ àdámọ̀ ni bàbá náà ń kọ́ àwọn ènìyàn nípa Jésù Kristi.

Inú Flavian kò dùn sí i. Àkọsílẹ̀ ìjókòó náà ṣì wà dòní, ó sì hàn níbẹ̀ pé ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé kí Eusebius lọ bá bàbá náà nílé, kí wọ́n jọ sọ ọ́ ní ìtùnbí-ìnùbí. Eusebius fárí gá. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ni Eutyches tẹ́lẹ̀, òun ti bá a sọ ọ́ títí, kò gbọ́. Kí wọ́n ránṣẹ́ pè é wá.

Flavian kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹ̀kọ́ Ọlọ́run bíi Athanasius tàbí Cyril, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà tó ti ṣáájú rẹ̀. Kò fi ìwé ńlá kankan sílẹ̀. Adájọ́ ni nínú ọ̀rọ̀ yìí, tìkọ̀-tìkọ̀ ló sì fi dá a, ó pàdánù ipò àti ẹ̀mí rẹ̀ lórí rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí àwọn akọ̀wé gbà sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ ní oṣù yẹn ló padà wọ inú ìpinnu tí ọ̀pọ̀ jùlọ nínú ìjọ Kristẹni ń tẹ̀lé títí di ìsinsìnyí. Èrò tèmi ni pé bí kì í bá ṣe ti àwọn akọ̀wé, ẹjọ́ yìí ì bá ti kú pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà

Àgbà mọ́ńkì ni Eutyches. Ó ti lé ní 30 ọdún tó ti ń ṣe olórí ilé mọ́ńkì kan lẹ́yìn odi Constantinople, àwọn mọ́ńkì abẹ́ rẹ̀ sì ju 300 lọ. Ìyẹn nìkan ti tó láti mú kí ènìyàn rọra bá a lò. Èyí tó tún wá lágbára jù ni pé òun ni baba ìsàmì Chrysaphius, ìwẹ̀fà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ Ọba Theodosius Kejì létí ju ti ẹnikẹ́ni lọ láàfin nígbà náà.

Chrysaphius àti Flavian kò sì rẹ́. Àwọn òpìtàn ìgbà náà sọ pé nígbà tí Flavian gorí oyè ní 446, ìwẹ̀fà náà ránṣẹ́ sí i pé kí ó fi ẹ̀bùn ìbùkún ránṣẹ́ sí ọba. Flavian fi búrẹ́dì funfun tó ti gbàdúrà sí ránṣẹ́. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní wúrà ni àwọn ń wí. Ó ní wúrà tó wà nínú ìjọ, ti Ọlọ́run àti ti àwọn aláìní ni. Bóyá bí ìtàn náà ṣe lọ gan-an nìyẹn tàbí wọ́n ti bù kún un, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fi hàn pé kò sí ẹni tó máa gbèjà Flavian láàfin.

Eusebius tó pe ẹjọ́ náà kì í ṣe ẹni tí à ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní nǹkan bí 20 ọdún ṣáájú, kí ó tó di bíṣọ́ọ̀bù rárá, nígbà tó ṣì ń ṣe iṣẹ́ amòfin, òun ló dìde láàárín ìwàásù tó pariwo lé Nestorius lórí, bíṣọ́ọ̀bù Constantinople ìgbà náà. Nestorius kò fẹ́ kí wọ́n máa pe Màríà ní Ìyá Ọlọ́run, wọ́n sì ní ó ń pín Kristi sí méjì. Ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo ayé, Cyril ti Alẹkisáńdíríà gbé e lórí, àpérò Éfésù ní 431 sì yọ Nestorius nípò. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọmọlẹ́yìn Nestorius ni Eusebius. Ẹni tó kọ́kọ́ gbógun ti pípín Kristi sí méjì ló tún wá ń gbógun ti ẹni tó ń po Ó pọ̀ mọ́ra.

Ohun tí wọ́n ń bára wọn fà nìyí. Gbogbo wọn gbà pé Jésù ni Ọlọ́run, wọ́n gbà pé ó di ènìyàn. Lẹ́yìn tó wá di ènìyàn tán, ṣé a ṣì lè sọ pé àbùdá méjì ló wà nínú rẹ̀, ti Ọlọ́run àti ti ènìyàn, tàbí kan ṣoṣo? Ní 433, Cyril àti John, bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù, ti fọwọ́ sí àdéhùn kan pé ọ̀kan náà ni Kristi àti Baba ní ti jíjẹ́ Ọlọ́run, ọ̀kan náà ni Kristi àti àwa ní ti jíjẹ́ ènìyàn, àti pé ìṣọ̀kan àbùdá méjì ló ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n Cyril yìí kan náà fẹ́ràn gbólóhùn mìíràn: àbùdá kan ti Ọlọ́run Ọ̀rọ̀ tó di ẹran ara. Ó rò pé ti Athanasius ni. Ti Apollinaris ni, ẹni tí ìjọ ti dá lẹ́bi tipẹ́. Nígbà tí Cyril kú ní 444, ẹni tó fẹ́ àdéhùn di àdéhùn mú, ẹni tó fẹ́ gbólóhùn kejì di ìyẹn mú, kálukú ní Cyril wà lẹ́yìn òun. Dioscorus tó gorí oyè lẹ́yìn rẹ̀ ní Alẹkisáńdíríà kò fẹ́ gbọ́ méjì rárá.

Ìjókòó oṣù Kọkànlá

Ní ọjọ́ 12 oṣù náà, wọ́n ka àwọn lẹ́tà Cyril, Flavian sì sọ ohun tí òun gbà gbọ́. Ó ní láti inú àbùdá méjì ni Kristi ti jẹ́ lẹ́yìn tó di ènìyàn, nínú wíwà kan, nínú ẹnìkan ṣoṣo, Kristi kan, Ọmọ kan, Olúwa kan. Ẹ jẹ́ ká fi ojú sí gbólóhùn yẹn dáadáa, nítorí òun ló máa pa á. Ẹ wò ó pé kò pín Kristi sí méjì níbì kankan. Ó sọ méjì, ó sì yára so méjì náà mọ́ ẹnìkan.

Eutyches kò wá. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ránṣẹ́ sí i, ó ní òun ti pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun kò ní jáde kúrò nílé mọ́ńkì, ibẹ̀ ni sàréè òun. Wọ́n ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ara òun kò yá. Bó ti ń sọ èyí, ó ń fi ìwé ìgbàgbọ́ kan ránṣẹ́ yí àwọn ilé mọ́ńkì mìíràn ká pé kí wọ́n fọwọ́ sí i. Nígbà tó ku ìgbà kẹta, ó rán olórí ilé mọ́ńkì kan wá láti sọ pé òun kò sùn mọ́jú, ìrora ni òun fi ilẹ̀ mọ́. Flavian ní kò burú, àwọn máa dúró, Ọlọ́run ló ni ìlera.

Ibẹ̀ ló ti sọ ọ̀rọ̀ kan tó fi ọkàn rẹ̀ hàn ju gbogbo ohun mìíràn lọ. Ó sọ fún àwọn tí Eutyches rán pé wọ́n mọ irú ẹni tí Eusebius jẹ́, pé nítorí ìtara rẹ̀ fún ìgbàgbọ́, iná pàápàá tutù lójú rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run mọ̀ pé òun ti bẹ̀ ẹ́ kí ó jọ̀ọ́, kò gbà; kí ni kí òun ṣe? Òun kò fẹ́ tú wọn ká, ọ̀tá ló ń túni ká, ti baba ni kíkó ọmọ jọ. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ̀ pé kànga tí wọ́n ń tì í sí jìn ni mo gbọ́ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 22, Eutyches dé. Kò dá wá. Ọ̀pọ̀ sójà, mọ́ńkì àti òṣìṣẹ́ ìjọba ló yí i ká, wọ́n ní àfi kí wọ́n ṣèlérí pé àwọn máa gbà á padà kí ó tó wọlé. Ìránṣẹ́ ọba kan ka lẹ́tà pé Florentius, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè ńlá, gbọ́dọ̀ jókòó níbẹ̀. Eusebius alára bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù. Ó ní òun kò ní nǹkan kan, Eutyches lówó, ó ń fi lílé lọ sí aṣálẹ̀ halẹ̀ mọ́ òun. Kí wọ́n má jẹ́ kí òun jẹ̀bi torí pé òun pẹjọ́.

Flavian bi í léèrè. Ṣé ó gbà pé ọ̀kan náà ni Kristi àti àwa ní ti ènìyàn? Eutyches ní òun kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ rí títí di òní. Òun gbà pé ọ̀kan náà ni Màríà àti àwa, ṣùgbọ́n ara Olúwa, òun kò pè é ní ara ènìyàn bí tiwa. Ó ní bí ẹ bá ní kí n sọ ọ́, màá sọ ọ́. Flavian ní, àbí tipátipá lo fẹ́ fi sọ ọ́, kì í ṣe pé o gbà á gbọ́? Florentius bi í bóyá ó gba àbùdá méjì lẹ́yìn ìṣọ̀kan. Ìdáhùn rẹ̀ ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n: ó ní òun jẹ́wọ́ pé láti inú àbùdá méjì ni Olúwa wa kí ìṣọ̀kan tó wáyé, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìṣọ̀kan, àbùdá kan ni òun jẹ́wọ́.

Bí ènìyàn bá rò ó, ìdáhùn náà ṣòroó gbé. Kí ìṣọ̀kan tó wáyé, kò sí Jésù ènìyàn kankan níbì kankan tí a lè ka àbùdá rẹ̀ mọ́ ọn. Ibi tí kò ti sí méjì ni bàbá náà ti ka méjì, ibi tí méjì ti wà ló ti ka ọ̀kan. Èrò mi ni pé kì í ṣe èké. Àgbà tó ti di gbólóhùn kan mú láti ìgbà èwe ni, tí kò sì rọrùn fún un láti ṣàlàyé rẹ̀ níwájú adájọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí ó fi ègún lé ẹ̀kọ́ tó yàtọ̀ sí ti ìgbìmọ̀, ó kọ̀. Ó ní ègbé ni fún òun bí òun bá gégùn-ún fún àwọn baba òun. Wọ́n yọ ọ́ nípò. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù bí 30 àti olórí ilé mọ́ńkì 23 ló fọwọ́ sí ìdájọ́ náà.

Ẹjọ́ yí padà

Eutyches kò dákẹ́. Ó kọ̀wé sí Póòpù Leo ní Róòmù, ó kọ̀wé sáwọn ibòmíràn, ó ní wọ́n rẹ́ òun jẹ, àti pé òun ti pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ìjókòó ṣùgbọ́n akọ̀wé kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 449, ọba ní kí wọ́n yẹ ìwé àkọsílẹ̀ náà wò látòkèdélẹ̀. Wọ́n pe àwọn akọ̀wé, wọ́n ń bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Florentius jẹ́rìí pé lóòótọ́ ni Eutyches sọ ọ̀rọ̀ kòtẹ́milọ́rùn, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́ sí òun létí nígbà tí àwọn ènìyàn ti ń dìde. Flavian ní òun kò gbọ́ ọ.

Ọba tún ní kí Flavian kọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n ń fura sí. Flavian kọ ọ́. Nínú ìwé náà, ó ní òun kò kọ̀ láti sọ pé àbùdá kan ti Ọlọ́run Ọ̀rọ̀ ni, níwọ̀n ìgbà tí a bá ti fi kún un pé ó di ẹran ara, ó sì di ènìyàn. Gbólóhùn Cyril nìyẹn, láti ẹnu ẹni tí wọ́n ń pè ní Nestorius kejì. Ó ń wá àlàáfíà, àwọn tó ń wá a kò wá àlàáfíà.

Àpérò tuntun ṣí ní Éfésù, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Màríà, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 449. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀ tó 130. Ọba ti fi Dioscorus ṣe alága, ó ní àwọn tó dá ẹjọ́ ọdún 448 kò gbọ́dọ̀ dìbò, ó sì fún Barsauma, olórí mọ́ńkì láti Síríà, ní ààyè láàárín àwọn bíṣọ́ọ̀bù, òun àti ọ̀pọ̀ mọ́ńkì rẹ̀. Leo ti kọ lẹ́tà gígùn kan sí Flavian ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà tó ṣàlàyé àbùdá méjì nínú ẹnìkan. Àwọn aṣojú rẹ̀ gbé e wá, wọ́n ní kí wọ́n kà á. Dioscorus ní àwọn ti gbọ́, ó sì kọjá sí nǹkan mìíràn. Wọn kò kà á.

Wọ́n wá ka àkọsílẹ̀ ẹjọ́ Flavian. Flavian ní ó yẹ kí Eusebius tó pẹjọ́ wọlé wá sọ tẹnu rẹ̀. Aṣojú ọba ní kò sí ohun tó jọ ọ́, ó ti pẹjọ́ tirẹ̀ tán, àwọn adájọ́ ló kàn báyìí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nígbà tí wọ́n ka ibi tí Eusebius ti ń bi Eutyches nípa àbùdá méjì, àwọn ènìyàn pariwo pé kí wọ́n dáná sun ún láàyè, kí wọ́n là á sí méjì bó ṣe la Kristi sí méjì. Wọ́n dá Eutyches láre, wọ́n gbé ipò rẹ̀ fún un.

Ọgbọ́n tí Dioscorus wá dá lẹ́yìn náà, mo gbà pé ọgbọ́n ni, bó tilẹ̀ jẹ́ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Ó ní kí wọ́n ka òfin tí Éfésù àkọ́kọ́ ṣe ní 431, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé ìgbàgbọ́ mìíràn kalẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí àpérò Nicaea ti fi lélẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó bi gbogbo wọn bóyá wọ́n gba òfin náà. Ta ló máa ní òun kò gbà á? Nígbà tí wọ́n gbà tán, ó ní ó dáa, Flavian àti Eusebius ti rú òfin yẹn, nítorí náà wọn kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù mọ́.

Flavian pariwo pé òun kọ̀ ọ́ ní adájọ́. Díákónì Hilarus, aṣojú Róòmù, ké ní èdè Látìnì: Contradicitur, a tako ó. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù kan lọ di eékún Dioscorus mú, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Ó ké pe àwọn ìjòyè ọba. Ilẹ̀kùn ṣí, sójà àti mọ́ńkì wọlé tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá di bóò lọ o yà mí. Nígbà tó yá, àwọn bíṣọ́ọ̀bù jẹ́wọ́ pé ìwé tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ ni wọ́n fi tipá mú àwọn fọwọ́ sí. Bíṣọ́ọ̀bù Éfésù sọ pé àwọn ènìyàn Dioscorus já wàláà gbà lọ́wọ́ àwọn akọ̀wé òun, wọ́n pa ohun tí wọ́n kọ rẹ́, díẹ̀ ló sì kù kí wọ́n ṣẹ́ wọn níka níbi tí wọ́n ti ń já kálámù gbà. Akọ̀wé tí Dioscorus fẹ́ nìkan ló yẹ kí ó kọ̀wé.

Hilarus sá mọ́ wọn lọ́wọ́, ó gba ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kì í gbà dé Róòmù. Òun ló padà di póòpù ní 461. Ó kọ́ ilé àdúrà kan fún Jòhánù Ajíhìnrere lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìrìbọmi Lateran, ó sì kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà pé fún olùdáǹdè òun ni. Ìlú Jòhánù ni Éfésù, ẹ rántí.

Ní ti Flavian, ó kọ lẹ́tà kan sí Leo, èyí tí wọn kò rí mọ́ títí di ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó ní sójà yí òun ká, wọn kò jẹ́ kí òun dé ibi pẹpẹ, wọ́n fẹ́ wọ́ òun jáde, agbára káká ni òun fi rí ibì kan sá pamọ́ sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sọ pé wọ́n na òun. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìtàn pé Dioscorus àti Barsauma ta á nípàá títí ó fi kú gbilẹ̀, èmi kò sì gbára lé e. Ohun tó dájú ni pé wọ́n lé e lọ sí ìgbèkùn, ó sì kú láìpẹ́ ní Hypaepa ní Lídíà, kò jìnnà sí Éfésù. Leo ló sọ àpérò náà ní orúkọ tó mọ́ ọn lára: àpérò àwọn ọlọ́ṣà.

Wọ́n tún ìwé kà

Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 450, Theodosius kú lẹ́yìn tí ẹṣin gbé e ṣubú. Kò tíì sí ìwé tuntun kan tí ẹnikẹ́ni kọ, kò tíì sí àríyànjiyàn kan tí ẹnikẹ́ni borí. Ọba kú ni. Pulcheria, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, fẹ́ Marcian, ó fi í jọba, wọ́n pa Chrysaphius, wọ́n sì gbé òkú Flavian padà sí Constantinople, wọ́n sin ín sí Ṣọ́ọ̀ṣì Àwọn Àpọ́sítélì. Ẹni tó bá rò pé ìjiyàn nìkan ló máa ń parí irú ọ̀rọ̀ báyìí, kí ó wo ọdún yẹn dáadáa.

Àpérò Chalcedon ṣí ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 451, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Euphemia Mímọ́, ní òdìkejì omi sí Constantinople. Kadıköy ni wọ́n ń pe ibẹ̀ báyìí, ní Istanbul. Wọ́n mú Dioscorus jókòó sí àárín bí ẹni tó wá jẹ́jọ́. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkọsílẹ̀. Wọ́n ń ka ti Éfésù 449, nínú rẹ̀ ni ti Constantinople 448 wà, nítorí wọ́n ti kà á níbẹ̀. Bí ohùn Flavian ṣe dé etí wa nìyẹn, inú ìwé àwọn tó yọ ọ́ nípò ló ti kọjá. Wọ́n kà á títí ilẹ̀ fi ṣú tí wọ́n fi tan iná.

Nígbà tí wọ́n ka gbólóhùn Flavian tọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá, àwọn ìjòyè tó ń darí ìjókòó bi wọ́n bóyá àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n ní kò sí. Juvenal, bíṣọ́ọ̀bù Jerúsálẹ́mù, tó ti bá Dioscorus fọwọ́ sí ìyọnípò Flavian, dìde lórí ìjókòó rẹ̀, òun àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù Palẹ́sìtínì, wọ́n rìn kọjá sí apá kejì. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn, títí kan àwọn bíṣọ́ọ̀bù Íjíbítì mélòó kan. Ènìyàn lè pè é ní ìrònúpìwàdà. Mo rò pé wọ́n mọ ibi tí ọba wà.

Dioscorus kò kúrò lórí ìjókòó rẹ̀. Ó ní òun gba "láti inú méjì", òun kò gba "méjì". Mo gbọ́dọ̀ gbóṣùbà fún un nídìí èyí: ohun tó sọ ní Éfésù náà ló sọ ní Chalcedon, nígbà tí kò sí sójà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Wọ́n yọ ọ́ nípò ní ọjọ́ 13, wọ́n lé e lọ sí Gangra, ibẹ̀ ló kú sí ní 454. Ìwà rẹ̀ ní Éfésù àti kíkọ̀ tó kọ̀ láti dáhùn nígbà tí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n fi yọ ọ́.

Ìwé ìpinnu tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ní Chalcedon sọ "láti inú àbùdá méjì", bí Flavian alára ṣe sọ ọ́. Àwọn ìjòyè ní kò tó, nítorí Dioscorus náà lè fọwọ́ sí ìyẹn. Wọ́n pariwo, wọn kò fẹ́ yí i, wọ́n padà yí i. Nínú èyí tí wọ́n fọwọ́ sí, Kristi wà "nínú àbùdá méjì", láìdàpọ̀, láìyípadà, láìpín, láìyà. Àbùdá kọ̀ọ̀kan pa ìwà tirẹ̀ mọ́, méjèèjì sì jọ pàdé nínú ẹnìkan ṣoṣo àti wíwà kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ Leo ló pọ̀ níbẹ̀, ti Cyril náà wà, ṣùgbọ́n ẹnìkan àti wíwà kan tó so ó mọ́ra, ọ̀rọ̀ Flavian ni.

Ìjọ Kátólíìkì, Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì tó wà láàárín wa dúró lórí ìpinnu yìí. Ìjọ Kọ́pítíìkì ní Íjíbítì, ti Etiópíà, ti Aaméníà àti apá kan ní Síríà kò gbà á rí. Ẹni mímọ́ ni Dioscorus lọ́dọ̀ tiwọn. Wọn kò sì gba ti Eutyches pẹ̀lú. Wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n ní ara bí tiwa ni Olúwa gbé wọ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 1973, Póòpù Paul Kẹfà àti Shenouda Kẹta, olórí ìjọ Kọ́pítíìkì, fọwọ́ sí ìwé kan ní Róòmù pé Kristi pé ní Ọlọ́run, ó pé ní ènìyàn, láìdàpọ̀, láìpín. Wọn kò sọ àbùdá kan nínú ìwé náà, wọn kò sì sọ méjì.